Wọ́n fẹ́ fún mi ní ìdàrọ́ àti eérú ilé-iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilẹ̀ tí òjé ti bà jẹ́. Ṣé kí n gbà á?

Oníbèéèrè:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ra ilẹ̀ kan, ìdajì hẹ́kítà. Ìgbà tí mo sanwó tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé wọ́n ti fọ́ bátìrì ọkọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbé erùpẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò: òjé 1,200 mg/kg (mìlígíráàmù nínú kílò erùpẹ̀ kan), kádímíọ̀mù, mẹ́tàlì olóró mìíràn, 3 mg/kg. Ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ kó ìdọ̀tí gbọ́, ló bá wá bá mi. Ó ní òun á fún mi ní tírélà mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́, ìdàrọ́, ẹ̀gbin tó ń ṣẹ́kù ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, àti eérú láti ibi tí wọ́n ti ń fi èédú ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Ó ní tí mo bá ti ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ yẹn, "gbogbo májèlé á kúrò." Ìyàwó mi ní ààtàn ni ọkùnrin yìí ń wá. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?

* * *

Ìdáhùn:

Ojú ìyàwó yín ríran. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn náà ò kúkú parọ́ tán. Ó kàn fi irọ́ dí ibi tí òótọ́ rẹ̀ ò dé ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn: òjé kì í kúrò nínú ilẹ̀. Kì í jó, kì í jẹrà. 1,200 tó wà níbẹ̀ lónìí, òun náà lẹ máa bá níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ da eérú sí i o, ẹ ò dà á o. Ohun tí àṣẹ́kù ilé-iṣẹ́ lè ṣe ni pé kó dè é mọ́lẹ̀, kó má yòrò sínú omi, kó má bá gbòǹgbò wọ inú ewéko, kó má sì tètè yọ́ nínú ikùn ọmọdé tó bá fi ọwọ́ eléruku sẹ́nu.

Ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà dè é, mẹ́ta ni. Èkíní, kí ilẹ̀ tó ti kan má kan mọ́. Ilẹ̀ kíkan ló ń tú mẹ́tàlì sílẹ̀. Bí pH, ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan sí (bó ṣe kéré tó ló ṣe kan tó), bá ti ń gòkè láti 5 lọ sí 6.5 tàbí 7, òjé, kádímíọ̀mù, síǹkì àti níkẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Láìmù inú ìdàrọ́ àti inú àwọn eérú kan ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Èkejì ni fọ́sífétì, irú èyí tó wà nínú egungun: ó máa ń bá òjé para pọ̀ di òkúta wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní pyromorphite, omi ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ni ìpẹtà irin, tí ojú rẹ̀ máa ń gba mẹ́tàlì mọ́ra bí eruku ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para.

Nítorí náà, oògùn wà nínú ohun tó fẹ́ kó fún yín. Bóyá oògùn àìsàn tiyín ni, ìyẹn la ò tíì mọ̀.

* * *

Ìdáhùn, lẹ́yìn tí èsì àwọn ará ti pọ̀:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Àwọn kan ní kó kó gbogbo erùpẹ̀ yẹn dà nù, kó gbé tuntun wá. Àwọn kan ní ẹ̀gbin ò lè wo ẹ̀gbin láéláé. Àwọn tó kù ní ọ̀fẹ́ ni, kó gbà á, kó dákẹ́.

Ti àwọn tó ní ọ̀fẹ́ ni, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Owó ni ilé-iṣẹ́ ń san fún ẹni tó bá bá wọn kó ìdọ̀tí jìnnà. Ọkùnrin yẹn ti gba owó rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ti gbígbẹ́ dà nù: ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìdajì hẹ́kítà, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 péré, tọ́ọ̀nù 1,300 ni, tí mítà onígun mẹ́ta kan bá wọn tọ́ọ̀nù 1.3. Níbo lẹ fẹ́ kó o lọ? Ilẹ̀ ẹlòmíràn náà ni. Ní Japan, níbi tí kádímíọ̀mù láti ibi ìwakùsà ti ba oko ìrẹsì jẹ́ létí odò Jinzu, tó sì sọ àwọn èèyàn di aláìsàn egungun tí wọ́n ń pè ní itai-itai, pípààrọ̀ erùpẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Hẹ́kítà tó lé ní 800 ni, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ọdún 2012 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ló dáwó yẹn, kì í ṣe ẹnìkan tó ra ìdajì hẹ́kítà.

Síbẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbẹ́ nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ti fọ́ bátìrì kì í rí bákan náà káàkiri. 1,200 yẹn, bóyá àpò erùpẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n pò pọ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí ilẹ̀ tí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan jẹ́ 300, tí ẹsẹ̀ ogún síbẹ̀, lábẹ́ igi tí àwọn tó ń fọ́ bátìrì máa ń jókòó sí, lé ní 20,000. Tẹ́ ẹ bá fi bàtà ha ilẹ̀ irú ibẹ̀, ẹ ó rí awẹ́ òjé tó rí bí ewé gbígbẹ, àti àfọ́kù ike dúdú. Kò sí ìdàrọ́ tó lè de ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹ yá ẹ̀rọ XRF alágbèéká, èyí tí wọ́n ń nà sílẹ̀ bí ìbọn láti ka mẹ́tàlì inú erùpẹ̀, kẹ́ ẹ fi rin ilẹ̀ náà já ní mítà márùn-ún márùn-ún. Ibi tó bá burú jù lẹ máa gbẹ́. Ìyókù lẹ máa wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbin ò lè wo ẹ̀gbin, ẹ kò jìnnà sí òótọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe rò, àmọ́ ẹ̀ ń bá orúkọ jà. Láìmù tó jáde láti ilé-iṣẹ́ ṣúgà àti láìmù tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú òkè, nǹkan kan náà ni lójú òjé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun mìíràn tó bá àṣẹ́kù yẹn wá. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

* * *

Ìdáhùn:

Ẹnìkan béèrè pé nínú gbogbo àṣẹ́kù yìí, èwo lèmi alára lè fi ọwọ́ ara mi dà sí ilẹ̀ mi.

Ẹrẹ̀ láìmù ilé-iṣẹ́ ṣúgà ni mo máa kọ́kọ́ mú. Láìmù ni wọ́n fi ń fọ omi ṣúgà mọ́, ohun tó sì ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun, ó ní ìwọ̀nba ohun tó jẹrà nínú, kì í sì í ti pH kọjá nǹkan bíi 8. Oògùn jẹ́jẹ́ ni. Ìdàrọ́ irin tẹ̀lé e lójú mi, tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná dáadáa. Èyí tó bá ṣì rí bí òkúta wẹ́wẹ́ á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, silicon inú rẹ̀ sì máa ń ran ìrẹsì lọ́wọ́ láti má fa kádímíọ̀mù mu pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni kírómíọ̀mù àti vanadium, mẹ́tàlì méjì tó lè ṣe ìpalára. Ìdàrọ́ láti ilé-iṣẹ́ kan ò jọ ti èkejì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi èsì àyẹ̀wò ti ibòmíràn hàn yín.

Eérú èédú ilẹ̀ ló máa ń tan èèyàn jù. Èyí tó wá láti ara èédú kan lè ní pH 12, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ tútù mú un, á máa yọ̀ bí ọṣẹ, ara ọwọ́ yín ló sì ń jẹ. Èyí tó wá láti ara èédú mìíràn lè kan. Ojú kan náà ni wọ́n ní, eérú ni eérú. Ásẹ́níìkì, májèlé gidi, wà nínú rẹ̀, selenium wà nínú rẹ̀, boron sì wà nínú rẹ̀ tó lè pa èhù kó tó yọ ewé kejì. Tí òjò bá tún pa á kẹ́ ẹ tó ro ó pọ̀, ó lè dì bí sìmẹ́ǹtì. A ti fi àáké fọ́ ọ rí.

Ẹrẹ̀ tó ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń fi álọ́ọ̀mù tàbí oògùn onírin fọ omi ẹ̀rọ, ìyẹn dára fún ásẹ́níìkì, ṣùgbọ́n ó máa ń gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ ewéko lọ́wọ́; ewé á wá máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀gbin phosphogypsum ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Kò gbé pH sókè, radium, mẹ́tàlì tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, sì wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin EPA, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, ò gbà kí wọ́n dà á sí oko tí radium-226 inú rẹ̀ bá ju 370 Bq/kg (ìwọ̀n ìtànṣán nínú kílò kan) lọ.

Lẹ́búlẹ́bú egungun, yálà ti ẹran tàbí ti ẹja, ni mo fẹ́ràn jù fún òjé ní pàtó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka èyí tó kàn.

* * *

Ìdáhùn (ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa):

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní lábù ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan gbé iṣẹ́ wá fún wa: ilẹ̀ tí òjé bà jẹ́, tí ibi tí wọ́n ti ń po oògùn kòkòrò nígbà àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjé nìkan ni wọ́n sanwó àyẹ̀wò rẹ̀. A fi láìmù àṣẹ́kù àti egungun wò ó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, òjé inú omi tó ń jò láti abẹ́ ilẹ̀ náà ti wálẹ̀ débi pé ẹ̀rọ wa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mọ́. A dá ara wa lọ́lá. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló ní kí òun kàn yẹ ásẹ́níìkì wò nínú omi yẹn torí pé ẹ̀rọ ti wà ní títàn. Ó ti ju ìlọ́po méjì ohun tó wà níbẹ̀ ká tó débẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro, ìtìjú rẹ̀ ló ṣòro. Òjé àti kádímíọ̀mù máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí pH bá gòkè. Ásẹ́níìkì, òdìkejì ni: bí pH ṣe ń gòkè ló ń tú sílẹ̀. Fọ́sífétì tún jọ ọ́ bí ìbejì, ó á wọlé, á sì ti ásẹ́níìkì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ lára ìpẹtà irin. Ohun méjì tí a fi wo òjé, àwọn méjèèjì ló lé ásẹ́níìkì síta. Bí a ti ń ṣe níbí, èèwọ̀ ibòmíràn. Ìpẹtà irin la padà fi gbá a mú, a sì dín láìmù kù.

Kírómíọ̀mù irú 6 náà, selenium náà, molybdenum náà, ìwà wọn sún mọ́ ti ásẹ́níìkì nínú èyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníbèéèrè, èsì àyẹ̀wò tó ní òjé àti kádímíọ̀mù nìkan kò tó. Ẹ padà lọ yẹ ásẹ́níìkì wò. Nínú òjé bátìrì, wọ́n máa ń fi antimony àti ásẹ́níìkì díẹ̀ sí i kó lè le.

* * *

Ìdáhùn fún ẹni tó ní "ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀":

Ẹ ní ẹ̀yin wo ilẹ̀ kan, ẹ gbé e padà lọ sí lábù, òjé inú rẹ̀ ò sì yí padà, kò tiẹ̀ fi 1 mg/kg dín. Dájúdájú, kò ní yí padà. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá yín ṣe, ásíìdì gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ́ erùpẹ̀ náà. Ó ń ka ohun tó dè àti ohun tí kò dè pọ̀ ni. Bí ìgbà tí ẹ ka gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tó wà nínú ọgbà, tẹ́ ẹ wá ní ẹ̀wọ̀n ò ṣiṣẹ́ torí pé iye wọn ò dín.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni èyí tó ń yòrò. Fún òjé tí ọmọdé lè gbé mì, wọ́n máa ń sẹ́ erùpẹ̀ kó kúnná, wọ́n á rì í sínú omi tó kan bí ti inú ikùn, pH 1.5, nínú ooru 37°C, fún wákàtí kan, wọ́n á wá ka ohun tó yọ́. Èyí ni mo gbà gbọ́ jù. Fún kádímíọ̀mù, ẹ yẹ ara ewéko fúnra rẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò TCLP tí àwọn tó ń ta oògùn ilẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbé kiri ńkọ́? Ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ààtàn ni wọ́n ṣe é fún. Ásíìdì ọtí kíkan ni wọ́n ń lò, wákàtí 18. Tí láìmù bá ti pọ̀ jù nínú erùpẹ̀ yín, láìmù á pa ásíìdì yẹn kí ásíìdì tó kan òjé, èsì á sì dára lójú. Ẹ ti "yege" láìṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi èsì TCLP hàn yín, ẹ béèrè pé kí ni pH omi náà nígbà tí wọ́n parí.

Láìmù àpọ̀jù tún ní ewu tiẹ̀. Tí pH bá ti lé ní 11, òjé fúnra rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí yòrò padà.

* * *

Ìdáhùn:

"Níbo ni wọ́n ti ṣe é rí tó sì dúró?" Ìbéèrè gidi nìyí.

Ní Lommel, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ilẹ̀ Maatheide wà, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ síǹkì ti sọ iyanrìn di aṣálẹ̀ pátápátá. Koríko kan ò hù níbẹ̀. Ní 1990, wọ́n mú hẹ́kítà mẹ́ta nínú rẹ̀, wọ́n ro kọ́ńpósìtì mọ́ ọn pẹ̀lú beringite, eérú kan tí wọ́n rí láti ara àṣẹ́kù èédú ilẹ̀ tí wọ́n jó. Wọ́n gbin koríko sí i. Wọ́n padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, koríko ti bò ó. Wọ́n tún padà débẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjìlá, ó ṣì wà. Síǹkì náà ṣì wà ńbẹ̀ o, kò lọ síbì kankan.

Ní Sípéènì, lóṣù kẹrin ọdún 1998, ìdídò ẹrẹ̀ kùsà já ní Aznalcóllar, ẹrẹ̀ tó ní ásẹ́níìkì, òjé àti síǹkì sì bo ju hẹ́kítà 4,000 lọ lẹ́bàá odò Guadiamar. Wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrẹ̀ òkè kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá da láìmù ilé-iṣẹ́ ṣúgà sí ìyókù, pẹ̀lú erùpẹ̀ tó ní ìpẹtà irin púpọ̀ nítorí ásẹ́níìkì. Ẹ rí i pé méjèèjì ni wọ́n lò, kì í ṣe láìmù nìkan. Ká ní a ti ronú bẹ́ẹ̀ ní lábù wa.

Ní Palmerton, ní Pẹnsilfáníà, òkè kan tí èéfín ilé-iṣẹ́ síǹkì ti pá lórí, ẹrẹ̀ omi ìgbẹ́ àti eérú èédú ni wọ́n fi wò ó láti 1991. Ní Oakland, ní Kalifóníà, EPA ro lẹ́búlẹ́bú egungun ẹja Alaska mọ́ àgbàlá àwọn èèyàn ní nǹkan bí ọdún 2011 nítorí òjé, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi erùpẹ̀ mímọ́ àti koríko bò ó.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má baà rò pé mo ń polówó ọjà: ẹrẹ̀ pupa tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ alumíná kúrò nínú bọ́síìtì, òkúta tí wọ́n ti ń rí alumíníọ̀mù, wà lára àwọn tó ń de mẹ́tàlì dáadáa jù nínú ìwádìí, ní 2% tàbí bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ yìí náà ló já ìdídò ní Ajka, ní Hungary, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2010. Èèyàn mẹ́wàá kú, ó jó ọ̀pọ̀ lára, jípsọ̀mù ni wọ́n ń dà sínú odò kí pH tó ń sún mọ́ 13 lè wálẹ̀. Oògùn ní 2%, àjálù nígbà tó pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni.

* * *

Ìdáhùn (ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀):

Àwọn tó ní ká gbin ewéko tó ń fa mẹ́tàlì mu, mo gbọ́ yín. Ó wà lóòótọ́. Noccaea caerulescens ń fa síǹkì àti kádímíọ̀mù, Pteris vittata sì ń fa ásẹ́níìkì bí ẹni ń mu omi. Fún òjé, mi ò tíì rí ewéko kan tó ń fà á tó nǹkan. Àwọn kan ti da EDTA, kẹ́míkà kan tó ń gbá mẹ́tàlì mú, sí ilẹ̀ rí kí òjé lè tú wọ inú ewéko. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jò lọ sínú omi abẹ́ ilẹ̀.

Ohun tí ẹ ò sọ ni pé ẹ ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ohun tí ẹ bá dè mọ́lẹ̀, ewéko ò ní rí i fà. Ẹ mú ọ̀kan.

* * *

Oníbèéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe àyẹ̀wò mìíràn: pH ilẹ̀ 5.1, ásẹ́níìkì 9 mg/kg. A fi ẹ̀rọ XRF rin ín, igun àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyókù ilẹ̀ náà wà láàárín 400 sí 1,100. Ọkùnrin yẹn pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lánàá. Ó ní tí mi ò bá gbà á kó tó di ọjọ́ Ẹtì, òun á gbé e fún ẹlòmíràn.

* * *

Ìdáhùn:

Ẹ jẹ́ kó gbé e lọ.

Ẹ bá mi ṣírò tírélà mẹ́wàá rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù lọ̀kọ̀ọ̀kan gbé, 300 tọ́ọ̀nù nìyẹn, lórí ilẹ̀ tí òkè rẹ̀ jẹ́ 1,300. Ìyẹn lé ní 23%. Èyí tí wọ́n sábà ń lò wà láàárín 1% sí 5%, tọ́ọ̀nù 13 sí 65 lórí ilẹ̀ tiyín. Ẹni tó ń wo ilẹ̀ ò lè nílò tírélà mẹ́wàá, àfi ẹni tó ń wá ibi tó máa da nǹkan sí. Mo ti sọ pé ojú ìyàwó yín ríran.

Ẹ tún wo èyí: tí ásẹ́níìkì inú eérú rẹ̀ bá jẹ́ 100 mg/kg, ẹ ro ó ní 2%, ẹ ti fi 2 mg/kg kún ilẹ̀ yín. Ìyẹn ṣeé fara dà. Tó bá jẹ́ 23%, ẹ ti sọ 9 yín di nǹkan bí 30. Ẹ kò tíì wo òjé, ẹ ti ra ásẹ́níìkì.

Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ìdàrọ́ àti eérú náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọjọ́ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ti jáde wà lórí rẹ̀: pH, òjé, kádímíọ̀mù, ásẹ́níìkì, kírómíọ̀mù, vanadium, boron. Tó bá fún yín, ẹ gba bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe tírélà.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣe èyí. Ẹ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ẹ lu ìdí wọn, ẹ wọ ibọ̀wọ́ àti ìbòmú, kẹ́ ẹ wọn kílò márùn-ún erùpẹ̀ gbígbẹ tí ẹ ti sẹ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ da 100 gíráàmù ìdàrọ́ lílọ̀ sí ìkejì, 100 egungun sí ìkẹta, méjèèjì pọ̀ sí ìkẹrin, 100 eérú sí ìkarùn-ún, 500 eérú sí ìkẹfà. Ẹ fi omi rin wọ́n, kì í ṣe pé kó máa ṣàn, kẹ́ ẹ fi wọ́n sábẹ́ ibòji fún oṣù kan. Ẹ wá mú gíráàmù mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú mìlílítà 25 omi, ẹ rò ó, ẹ wọn pH. Ẹ da omi sí wọn lórí, ẹ gba èyí tó jò nísàlẹ̀, ẹ gbé e lọ sí lábù. Ẹ gbin irúgbìn tó tètè ń hù, ogún ogún.

* * *

Oníbèéèrè, oṣù méjì lẹ́yìn náà:

Ó fún mi ní bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì yẹn kó tó mọ̀ pé màá béèrè ìwé. Látìgbà tí mo ti béèrè ìwé, kò gbé fóònù mi mọ́.

Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìkẹfà, irúgbìn mẹ́ta péré ló hù nínú ogún, etí ewé wọn sì jóná. Ìkarùn-ún hù, ṣùgbọ́n pH rẹ̀ ò kọjá 5.3. Ìkẹrin ló dára jù: pH 6.8, mejidínlógún hù, òjé inú omi rẹ̀ kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́, ásẹ́níìkì ò sì gòkè. Ṣé kí n wá ìdàrọ́ tó ní ìwé lọ síbòmíràn?

* * *

Ìdáhùn:

Ẹ wá a, tàbí kẹ́ ẹ wá láìmù ṣúgà tí ẹ bá rí. pH 5.3 lẹ́yìn 2% fi hàn pé eérú rẹ̀ kò ní láìmù kankan tó tó nǹkan. Ohun tí ì bá kù sí ilẹ̀ yín ni boron. Àwọn ìdàrọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tún bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe fún wọn. Èyí tẹ́ ẹ rí kì í ṣe ẹ̀rí fún ti ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ má da gbogbo egungun náà lẹ́ẹ̀kan. Pín in sí méjì, kí òjò má baà fọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ sódò. Ẹ ro ó wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 20, kẹ́ ẹ sì gbin koríko tó máa bo ilẹ̀ kíákíá, torí eruku ni òjé fi ń wọlé tọ àwọn ọmọdé. Ẹ rántí pé EPA tó fi 400 mg/kg ṣe àmì fún òjé ní àgbàlá tí ọmọdé ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di 200 ní 2024; ilẹ̀ yín ṣì ju ìyẹn lọ, ó dè ni, kò lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣeré níbẹ̀ láìsí koríko. Ajílẹ̀ onínítírójìn bíi ammonium máa ń mú ilẹ̀ kan padà, nítorí náà ẹ máa wọn pH lọ́dọọdún. Tó bá ti wálẹ̀ dé 6, ẹ tún láìmù dà.

Igun àríwá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 yẹn ńkọ́? Ẹ má fi egungun ṣòfò lé e. Ẹ gbẹ́ ẹ.